Mo fẹ́ fi òkú mi sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Manchester, àwọn ará ilé ní èèwọ̀ ni

Ìyá Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti ń gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, mo ti pé ẹni ọdún 68. Ó di ọdún 33 tí mo ti wà ní Manchester níbí, mo sì fi 27 nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé, egungun ènìyàn kan wà tí wọ́n so rọ̀ sára irin ní igun kíláàsì wa. Ara rẹ̀ la ti kọ́ orúkọ gbogbo eegun, láti agbárí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè pé ta ni, ọmọ ta ni, báwo ló ṣe dórí irin yẹn. Mo wá dé ibí, mo rí àwọn ọ̀dọ́ dókítà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lóru nígbà tí wọ́n fẹ́ ki ọ̀pá rọ́bà bọ ìhà aláìsàn láti fa omi tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ti kọ́kọ́ ṣe é lára òkú, ọwọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ojú mi ló ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà nítòsí wa pé kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, lábẹ́ àwọn aṣọ ìnuwọ́, ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin ti rí i. Kò bá mi sọ ọ́. Àbúrò mi ọkùnrin nílé ló lọ sọ ọ́ fún.

Aago mẹ́fà ìdájí ni àbúrò mi pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹran ni yín ni?" Ó ní ibi tí a fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ìyá wa nínú ọgbà, ta ni mo fẹ́ kí wọ́n wá sin síbẹ̀? Ó ní bí èèyàn bá bi òun pé òkú ẹ̀gbọ́n òun dà, kí ni kí òun wí? Mo dákẹ́, nítorí n kò ní èsì tí mo lè fún un.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín ti ṣe irú èyí rí, báwo lẹ ṣe ṣe ìsìnkú? Kí lẹ sọ fún àwọn ará ilé?

Ọmọ Iléṣà, Yàrá Anátọ́mì

Màmá, ẹ kú ìrònú. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an nìyí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la ń gba òkú àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀, a sì ń tọ́jú wọn fún kíláàsì anátọ́mì, ẹ̀kọ́ nípa bí ara èèyàn ṣe rí nínú, ní yunifásítì kan nílẹ̀ England. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ, nítorí ohun tí èèyàn ń fọkàn rò máa ń dẹ́rù bani ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ náà ní England, Wales àti Northern Ireland ni Human Tissue Act ti 2004, àjọ Human Tissue Authority ló sì ń mójú tó o. Òfin náà kò fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún: ẹni tó ni ara ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá kú láìbuwọ́ lùwé, kò sí ọkọ, ọmọ tàbí lọ́yà tó lè fi òkú yín sílẹ̀ lórúkọ yín. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ti kíndìnrín àti ọkàn tí wọ́n ń gbà fún aláìsàn. Ní ti ìyẹn, láti oṣù Karùn-ún 2020 ni wọ́n ti ń ka àgbàlagbà tí kò bá sọ pé òun kọ̀ ní England sí ẹni tó gbà. Ti gbogbo ara fún ẹ̀kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí ìwé, kò sí nǹkan kan.

Bí ìwé bá sì wà, ilé-ẹ̀kọ́ ṣì lè kọ òkú náà, wọ́n sì máa ń kọ̀ ọ́. Bí coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú, bá ní kí wọ́n la òkú wò kí wọ́n lè mọ ohun tó pa á, bí àrùn tó ń ràn bá wà lára rẹ̀, bí iṣẹ́ abẹ ńlá kan kò bá tíì jinná, bí ara bá tóbi jù fún ohun èlò wa, tàbí bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ẹlòmíì, a lè má gbà á. Ti ẹyinjú nìkan ni kì í sábà dí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má ná owó ìsìnkú yín tán lórí pé ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò gbé e.

Nígbà tí òkú bá dé ọ̀dọ̀ wa, nọ́ńbà la máa so mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ orúkọ rẹ̀. A óò fá irun orí rẹ̀. A óò wá iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìtan tàbí lọ́rùn, a óò sì jẹ́ kí omi oògùn tí fọ́málíìnì, èyí tí kì í jẹ́ kí òkú rà, wà nínú rẹ̀ máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọmọ ìka. Ara yóò le, àwọ̀ yóò ṣì. Nínú kíláàsì, ibi tí wọn kò bá ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́jọ́ náà, aṣọ ló máa ń wà níbẹ̀. Fóònù kì í wọlé, fọ́tò kò sí. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gé kúrò lára ẹnì kan, kódà bó tinrín bí òwú, inú àpótí ti ẹni yẹn ló ń lọ, kí gbogbo rẹ̀ lè pé jọ nígbà tó bá tó àkókò láti sun ún.

Lọ́pọ̀ ibi, kì í ju ọdún mẹ́ta lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń sanwó iná, ẹbí sì lè gba eérú bí wọ́n bá fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkú padà sọ́wọ́ ẹbí fún sínsin, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí ni yóò sanwó. Ibì kan tún wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń béèrè bóyá wọ́n lè tọ́jú apá kan lára yín ju àkókò yẹn lọ. Ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i.

Abú Zaynab, Peckham

Màmá, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, tinútinú ni mo fi ń sọ ọ́.

Àwa Mùsùlùmí gbà pé òkú ní ẹ̀tọ́ lórí alààyè: kí a wẹ̀ ẹ́, kí a fi aṣọ funfun wé e, kí a kírun sí i lára, kí a sì sin ín kíákíá. Nínú hádíìsì tí Abú Dáwúd gbà wá, Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé fífọ́ eegun òkú dà bí ìgbà tí èèyàn fọ́ ọ nígbà tó wà láàyè. Àwọn onímọ̀ kan ní bí ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò bá ní ọ̀nà mìíràn, a lè gbà á láàyè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo jókòó tì kò gbà. Èmi náà kò lè ṣe é. Ara yìí, ohun tí Ọlọ́hun fi ṣọ́ wa ni, a ó dá a padà bí a ṣe gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá àlùfáà tàbí pásítọ̀ yín sọ ọ́.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Manchester

Abú Zaynab, ẹ ṣeun, n kò bínú rárá. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni èmi. Mo ti bá fíkà wa sọ ọ́. Ó ní Ọlọ́run tó fi erùpẹ̀ mọ Ádámù mọ ọ̀nà tí yóò gbà kó mi jọ. Ti ẹ̀sìn kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ti ilé ni.

Ọmọ Iléṣà, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. N kò mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló ń pé jọ sínú àpótí kan. Mo ka ibẹ̀ fún ọmọ mi lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ, kò fèsì, ṣùgbọ́n kò gbé fóònù sílẹ̀.

Dókítà Ìbàdàn

Ìyá wa, mo ti ń ka ojú ìwé yìí láti àná, mi ò lè máa lọ láìsọ tèmi.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan nílé ni mo ti kọ́ anátọ́mì, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa ogún la dúró yí òkú kan ká. Ọkùnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ihò méjì wà ní àyà rẹ̀ lápá ọ̀tún, etí ihò náà ti dúdú, òògùn ti fà á pọ̀ bí ojú awọ. Gbogbo wa rí i. Olùkọ́ wa náà rí i. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti abíyá, abíyá la sì ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ mi gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú ihò yẹn kọjá. Mo yege nínú ìdánwò náà, mo sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àyà yẹn.

Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tèmi nìkan. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Clinical Anatomy ní 2011 sọ pé ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún òkú tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Nàìjíríà ń lò tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n yìnbọn pa tí wọ́n sì pè ní ọ̀daràn. Ní 2021, BBC gbé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan jáde, tó wọ kíláàsì anátọ́mì ní Calabar, tó sì bá òkú ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹbí ọmọ náà ti ń ti àgọ́ ọlọ́pàá kan bọ́ sí òmíràn láti wá a. Ariwo ló bọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sá jáde. Ìròyìn rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹbí rí òkú ọmọ wọn gbà.

Màmá, ohun tó yà yín sọ́tọ̀ sí ti tiwa nìyí: wọ́n bi yín. Kò sẹ́ni tó bi ọmọkùnrin tí mo gé. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 gba èèyàn láyè láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo kò tíì wá sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ láti ẹnu ọmọ Yorùbá.

Ọmọ Iléṣà, Yàrá Anátọ́mì

Dókítà, ẹ kú ọkàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí láyé àtijọ́. Ní 1828, Burke àti Hare pa èèyàn 16 ní Edinburgh, wọ́n ń ta òkú wọn fún Robert Knox tó ń kọ́ni ní anátọ́mì. Wọ́n so Burke kọ́ ní 1829, wọ́n sì la òun náà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Eegun rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì Edinburgh di òní. Òfin tí wọ́n wá ṣe ní 1832 láti dáwọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀ dúró, àwọn òtòṣì ló jẹ lára. Ẹni tó bá kú sílé àwọn aláìní tí kò sí ẹbí tó wá gbé e, òun ni wọ́n ń gbé lọ sórí tábìlì. Ó pẹ́ gan-an kó tó di pé ìwé ẹni tó ni ara nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Àkànní Baltimore

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa, kí ẹ má baà ṣe bí a ti ṣe.

Bàbá mi wa takisí ní Baltimore fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ Òṣogbo ni. Ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún State Anatomy Board, ilé iṣẹ́ ìjọba Maryland tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkú fún ẹ̀kọ́. Kò fi pa mọ́ fún èmi àti ìyá mi. Nígbà tó kú, wọ́n wá gbé e, wọ́n ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Níbẹ̀ yẹn kò sí àléébù.

Àléébù wa ni pé a kò sọ fún ẹnì kankan nílé. A ní a ti sin bàbá sí Baltimore. A tilẹ̀ ṣe ìsìn ìdúpẹ́, a ra aṣọ ẹbí, àwọn ará ilé náà pa màlúù ní Òṣogbo. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin rí físà gbà, ó dé. Ọjọ́ kejì tó dé ló ní kí a mú òun lọ síbi ibojì.

Ní Maryland, eérú àwọn tí ẹbí kò gbà padà, Sykesville ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n sì ń ṣe ìsìn ìrántí níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni a mú ìyá àgbà lọ. Ilẹ̀ náà mọ́, koríko rẹ̀ dára, òkúta ìrántí wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ti gbé orógbó dání láti ilé, ó dì í mọ́ etí ìró. Ó wò yíká. Ó bi mí pé, "Èwo ni tirẹ̀?"

Mi ò lè dáhùn. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ibẹ̀ la ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lójú òòrùn, ní orí ìdúró. Kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Lálẹ́ ó wá jókòó tì mí, ó ní ohun tó dun òun kì í ṣe ohun tí àbúrò òun fi ara rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ẹ mú kí n jókòó ti pọ́sí òfìfo ní ọkàn mi fún ọdún mẹ́ta."

Màmá, ẹ sọ fún wọn. Kódà bí wọ́n bá bínú. Kí wọ́n bínú sí yín nígbà tí ẹ ṣì lè dá wọn lóhùn.

Ará Houston

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra o. Yunifásítì tàbí àjọ ìpínlẹ̀ bíi ti Maryland yẹn yàtọ̀ sí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tó ń polówó pé àwọn á bá yín sun òkú lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń gé òkú sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń ta orí sọ́tọ̀, wọ́n ń ta orúnkún sọ́tọ̀. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ya wọ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ní Phoenix ní 2014. Ilé ńlá pàápàá kò bọ́: ní 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan ẹni tó ń ṣàkóso mọ́ṣúárì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard pé ó ń jí ẹ̀yà ara òkú tà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò lò ó, ibi tí yóò lò ó, àti ohun tí ẹbí yóò gbà padà, kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Fúnkẹ́ Reading

Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyí ní kúkúrú. Ó ti buwọ́ lùwé láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ló kú. A pe ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ ló dáhùn pé wọ́n ti tì fún Kérésìmesì. A pe òmíràn, wọ́n ní ibi tí a wà jìnnà sí wọn. Kò sí owó ìsìnkú kankan nílẹ̀, nítorí òun àti àwa ti gbà pé kò ní sí ìsìnkú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú ní Reading ló dáwó jọ. Màmá, ohun tí Ọmọ Iléṣà wí nípa owó, ẹ fi sọ́kàn.

Yétúndé Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ohun kan, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo gọ̀. Orúkọ mi ni Yétúndé. Oṣù kan lẹ́yìn tí ìyá bàbá mi kú ni wọ́n bí mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi àpá kan hàn mí ní ẹ̀yìn ọwọ́ mi, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni omi gbígbóná ti jó ìyá àgbà. Mo ti kàwé, mo ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, síbẹ̀ n kò lè mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn. Bí wọ́n bá gé èèyàn sí wẹ́wẹ́, tí ó bá wá fẹ́ yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Ọ̀yọ́

Yétúndé, ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Òun gan-an ló wà lọ́kàn àbúrò ìyá yìí, kò kàn rí i sọ lẹ́nu ni.

Ẹni tí àwọn baba wa ń gé ara rẹ̀ lẹ́yìn ikú ni àbíkú. Wọ́n á gé ọmọ ìka rẹ̀, wọ́n á fi iná jó o lára, kí ó má baà padà wá, tàbí kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Ìjìyà ni. Ọ̀tá ni wọ́n fi ń bá a ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọkàn Yorùbá fi ń ṣá bó bá gbọ́ pé wọ́n gé òkú. Àgbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ẹ fi ara mi kọ́ ọmọ, ta ló ń fìyà jẹ ẹ́? Èmi kò rí ìyẹn bí ohun kan náà, mo sì ti pé ẹni ọdún 81.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín wà nílẹ̀ kí a tó bí wa. Láyé ogun, jagunjagun tó bá kú sójú ogun, oníṣòwò tó bá kú sí ìlú tó jìnnà tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ dé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé. Wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, ẹni tó bá fọkàn tán ni yóò gbé e wálé. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Wọ́n á sin ín, wọ́n á sunkún lé e lórí, gbogbo ohun tó tọ́ sí òkú ni wọ́n á ṣe fún un, nítorí òkú náà ló wálé yẹn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òfìfo ni wọ́n sin. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín, ó ní ohun tí yóò gbà.

Àkànní Baltimore

Bàbá, ká ní mo ti mọ èyí ní ọdún yẹn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Manchester

Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ kú àgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo dìde lórí àga. Mo rántí! Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n gbé ohun kan tí wọ́n fi aṣọ àlà wé wálé láti Kùmásí, wọ́n ní àbúrò bàbá wa ni. Mo rò pé ọmọ ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Títí di òní la ń pè é ní ibojì bàbá Kùmásí.

Mo pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ta ló wà nínú ibojì bàbá Kùmásí?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irun ni." Mo ní èmi náà, irun ni yóò wálé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú sí i.

Ọmọ Iléṣà, ṣé ẹ ò ní kọ òkú tí wọ́n ti gé irun rẹ̀? Àbí kí n gé e báyìí kí n fi ránṣẹ́ sílé?

Bàbá Ọ̀yọ́

Ká má rí i! Irun alààyè kì í lọ sọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ayé lè fi irun àti èékánná alààyè ṣe. Ẹ̀yìn ikú ni wọ́n ń gé e, ọwọ́ ọmọ ẹni ló sì yẹ kó gé e.

Ọmọ Iléṣà, Yàrá Anátọ́mì

Màmá, irun kò já mọ́ nǹkan kan fún wa. Mo ti sọ pé a máa ń fá a. Èékánná náà kò sí wàhálà, kí wọ́n kàn má gé dé ẹran. Mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn máa ń jẹ́ kí ẹbí ṣe é bí wọ́n bá béèrè. Kí wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ wa tó dé, nítorí ọjọ́ mélòó kan péré la ní láti gba òkú, a kì í fi àkókò ṣòfò.

Dókítà Ìbàdàn

Màmá, ohun kan ṣoṣo kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè nípa ọpọlọ náà. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdìkàn n'Ìbàdàn fi hàn ní 2001 pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn àgbàlagbà Ìdìkàn kò tó ìdajì èyí tó ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Láti mọ ohun tó fà á dáadáa, a nílò ọpọlọ àwọn èèyàn wa, ti àwọn tó wà nílé àti ti àwọn tó ti pẹ́ lókè òkun. Wọ́n ti dá ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn, ó sì wà ní Britain náà. Ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ara. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe méjèèjì, ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ yín bóyá wọ́n ṣì máa gba òkú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọpọlọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Àbúrò mi pè lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní òun ti bá àwọn mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀. Àwọn méjì ṣì ń bínú, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní dí mi lọ́wọ́. Ó ní kí àlà náà jẹ́ titun, kí ọmọ mi gbé e wálé fúnra rẹ̀, kó má fi rán ẹnikẹ́ni. Mo gbà.

Ọmọ mi wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn tí kò ti wọlé mi. Ó gbé òòyà àti òrí dání, ó ní kí n jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ òun, òun fẹ́ dirun fún mi. Bí mo ti máa ń ṣe fún un nìyẹn kó tó lọ sílé-ìwé. Ó dì í ní ṣùkú. Ó ti dì í dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, èwo ni kí n gé?" Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi kan ìpàkọ́ mi, níbi tí kò tíì hewú. Ó ní òun ti mọ ibẹ̀. Ó wá dì í tán.

Aládùúgbò mi ló ṣe ẹlẹ́rìí lórí fọ́ọ̀mù náà. Mo ti fi owó ìsìnkú sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ bí Fúnkẹ́ ti wí. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá kí wọ́n tọ́jú apá kan pẹ́, mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ Iléṣà, Yàrá Anátọ́mì

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi ṣe ohun kan sí i: ẹ kọ ọ̀rọ̀ irun àti èékánná náà sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ yín síbẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà lè má jẹ́ ọmọ Yorùbá. Kó lè kà á, kó sì dúró dè é.